Omi Inú Ihò Èédú Tí Wọ́n Pa Tì: Ìṣirò Wo Ló Bá Tiyín Mu?

Ẹ bu omi tó ń ṣàn jáde láti inú ihò èédú tí wọ́n ti pa tì sínú ìgò funfun, ẹ má bù ú kún, kí ẹ wá gbé e sókè kọjú sí oòrùn. Ó mọ́ gaara. Ẹ dé e, ẹ gbé e sínú báàgì, ẹ wọkọ̀. Kí ẹ tó délé, ó ti ń pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan irin tó dógùn-ún. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́, ẹrẹ̀ pupa ti rọ̀ sí ìdí ìgò, omi orí rẹ̀ sì ti kan ju bí ẹ ṣe bù ú lọ. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sí i. Irin tó yọ́ sínú rẹ̀ ló pàdé afẹ́fẹ́.

Ìgò yìí ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí pé, "Ọ̀gá, ètò kọ̀ǹpútà wo ni kí n fi ṣe àwòṣe omi kùsà?" Èmi náà á bi í pé ìgbà wo ló wọn pH, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré sí ni omi ṣe kan sí). Bó bá ní láàbù ni, ní ọjọ́ kẹta, a jẹ́ pé omi mìíràn ló wọ̀n, kò sì sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè bá a mú ti àkọ́kọ́ padà wá.

Àwòṣe tí mò ń sọ ni ìṣirò tí a fi ń mọ ohun tó wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀, ibi tó ti kó o wá, àti ohun tó máa kù nínú rẹ̀ ní ọdún mélòó kan sí i. Oríṣi wọn pọ̀. Màá gbé wọn síwájú yín ní méjì-méjì, màá sì sọ èyí tí èmi ó mú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀

Èédú kì í dá wà. Páíráìtì, òkúta tó ń dán bíi wúrà, tó jẹ́ irin àti súlfọ̀ tó so pọ̀, sábà máa ń wà nínú rẹ̀ àti nínú òkúta tó yí i ká. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ kò bá débẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ọjọ́ tí àwọn awakùsà bá gbẹ́ ihò kàn án, tí wọ́n sì fi pọ́ńpù fa omi kúrò, ni afẹ́fẹ́ wọlé. Páíráìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, á máa tú irin, sọ́lféètì (súlfọ̀ tó ti gba ọ́ksíjìn) àti ásíìdì sílẹ̀. Níbi tí omi kò bá pọ̀ tó láti ṣàn wọ́n lọ, wọ́n á di iyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ògiri ihò, òmíràn funfun, òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú, òmíràn bí àwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe wà títí kùsà náà á fi kógbá wọlé.

Nígbà tí wọ́n bá wá pa pọ́ńpù, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà, nǹkan méjì tó tako ara wọn á sì máa ṣẹlẹ̀ pọ̀. Omi ń yọ́ gbogbo iyọ̀ ara ògiri yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí omi tó kọ́kọ́ jáde fi máa ń burú jù. Ṣùgbọ́n omi kan náà ló ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní ọ́ksíjìn tó 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Lítà omi kan kò lè gba ju nǹkan bíi mílígíráàmù 8 sí 10 lọ. Páíráìtì tó bá ti rì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ tán. Paul Younger, tó ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Newcastle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló yà wọ́n sí méjì fún wa: ásíìdì àṣẹ́kù, tó ti wà nílẹ̀ bí iyọ̀ kí omi tó dé, àti ásíìdì tuntun, tí páíráìtì tó ṣì wà lókè omi ń ṣe lójoojúmọ́. Àṣẹ́kù á tán lọ́jọ́ kan. Tuntun kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó pọ̀ jù nínú kùsà rẹ̀ kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń yan ètò kọ̀ǹpútà.

Pẹ́ńsù àti ìwé, tàbí kọ̀ǹpútà?

Pẹ́ńsù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ìṣirò méjì wà tí ẹ lè fi ọwọ́ ṣe kí oúnjẹ tó jiná.

Èkíní ni ìṣirò bóyá omi yẹn máa kan tàbí kò ní kan tó bá jáde síta. Ká ní ẹ wọn omi kan létí ihò, pH rẹ̀ jẹ́ 6.2. Irin tó yọ́ sínú rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 80 nínú lítà kan. Ẹ̀rọ̀ ásíìdì tó wà nínú omi náà, èyí tí ìwé láàbù ń kọ ní alkalinity, jẹ́ mílígíráàmù 120 nínú lítà kan tí a bá fi kálíṣíọ̀mù kábọ́néètì wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá wo pH nìkan á ní omi yìí dára. Ṣùgbọ́n bí irin bá pàdé afẹ́fẹ́ tó sì di ìpáàrà, mílígíráàmù irin kọ̀ọ̀kan á tú ásíìdì tó nílò mílígíráàmù 1.79 kálíṣíọ̀mù kábọ́néètì kó tó rọ̀. 80 lọ́nà 1.79 jẹ́ 143. Ẹ̀rọ̀ 120 kò ká 143. Ó ku 23. Omi tó dára létí ihò yìí á ti kan nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹja. Bí alumíníọ̀mù bá wà, ti ẹ̀ yẹn le jù: 5.56 fún mílígíráàmù kọ̀ọ̀kan. Mańganíìsì jẹ́ 1.82.

Èkejì ni ti àkókò. Ká ní ihò èédú kan gba ilẹ̀ tó jẹ́ 4 km², ìpele èédú nípọn mítà 1.5, wọ́n sì wa ìdajì rẹ̀ jáde. Àyè tó ṣófo á tó mílíọ̀nù 3 m³. Bí omi tó ń wọlé lójúmọ́ bá jẹ́ 3,000 m³, ọjọ́ 1,000 ni ihò náà á fi kún, nǹkan bí ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án. Òrùlé tó wó máa ń jẹ nínú àyè náà, torí náà ó lè kún ṣáájú ìgbà yẹn. Younger wo àwọn kùsà èédú ilẹ̀ Bírítéènì, ó sì rí i pé àkókò tí omi burúkú àkọ́kọ́ fi ń rọlẹ̀ máa ń sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin àkókò tí ihò fi kún. Fún kùsà tí a fi ṣàpẹẹrẹ yìí, ọdún mọ́kànlá nìyẹn.

Dalquharran, ní Ayrshire nílẹ̀ Scotland, ni ibi tí mo fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n ti kùsà yẹn pa ní 1977. Ní 1979 omi kún dé ẹnu, ó tú jáde sínú odò Girvan, ó pupa bí epo, ó sì pa ẹja lọ rẹpẹtẹ. Ọdún méjì ló fi kún. Ẹni tó bá mọ òfin ìlọ́po mẹ́rin á ti sọ fún àwọn tó ń gbé létí odò náà pé kí wọ́n múra ọdún mẹ́jọ sílẹ̀ kí omi yẹn tó fara balẹ̀. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò fún apẹja. Ó wúlò fún ìjọba tó fẹ́ mọ̀ bóyá adágún ìtọ́jú omi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ti ọdún mẹ́wàá ni tàbí ti ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ibi tí agbára pẹ́ńsù mọ nìyẹn. Kò lè sọ iye irin tó máa kù lẹ́yìn tí àṣẹ́kù bá tán, nítorí ìyẹn wà lọ́wọ́ ásíìdì tuntun. Kò mọ ìgbà tí òkúta ẹfun ń yọ́ sínú omi tó ń pa ásíìdì, kò sì mọ ìgbà tí omi ti yó tí kò gba ẹfun mọ́. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wọlé.

PHREEQC, tàbí Geochemist's Workbench?

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò kẹ́mísírì omi ni méjèèjì. PHREEQC ni èyí tí èmi ń lò. David Parkhurst ti àjọ ìmọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, USGS, àti Tony Appelo láti ilẹ̀ Netherlands ló kọ ọ́. Ẹ̀dà kẹta jáde ní 2013. Ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà kékeré sì lè gbé e. Bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ rèé:

SOLUTION 1
units mg/L
temp 14
pH 6.2
Fe(2) 80
Alkalinity 120 as CaCO3

Ẹ ó fi kálíṣíọ̀mù, mágníṣíọ̀mù, sódíọ̀mù, kúlóráìdì àti sọ́lféètì sí i. Nọ́ńbà 2 tó wà nínú àkámọ́ yẹn ṣe pàtàkì: ó ń sọ fún ètò náà pé irin tí kò tíì pọ́n lẹ wọ̀n. Bí ẹ bá kọ Fe lásán, ó lè pín irin yín bó ṣe wù ú, àbájáde á sì yàtọ̀ pátápátá.

Geochemist's Workbench, tí Craig Bethke àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Illinois, dùn ún wò jù ú lọ. Ó ń ya àwòrán tó rẹwà, ẹ kò sì ní kọ ìlà kan ṣoṣo. Owó ni wọ́n fi ń rà á, ó sì ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kan tí kò ní gbogbo irinṣẹ́ nínú. Fún olùkọ́ tó fẹ́ fi han kíláàsì bí irin ṣe ń yí padà bí pH ṣe ń yí, òun ni màá yàn. Fún iṣẹ́ tí ẹlòmíràn máa padà wá yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún márùn-ún, PHREEQC ni, torí fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè ṣí i kà.

Ohun tó ń dààmú ènìyàn jù ètò méjèèjì lọ ni àkójọ dátà tí wọ́n ń lò. Phreeqc.dat tó bá PHREEQC wá kò ní ásẹ́níìkì nínú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò ásẹ́níìkì ní láti gbé wateq4f.dat. Bí omi bá ti níyọ̀ ju omi òkun lọ, bó ṣe ń rí ní àwọn ihò tó jìn gan-an, ẹ nílò pitzer.dat, nítorí ìṣirò ti àwọn yòókù kò ṣe é fọkàn tán mọ́ níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan tún wà tí mi ò lè gbójú fò. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà dá yan ohun tí irin máa dì sí, á mú hematite, òkúta irin líle kan, torí òun ló fìdí múlẹ̀ jù lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sétí omi kùsà kí ẹ fọwọ́ gbá ẹrẹ̀ yẹn. Ó rọ̀ bí ògì, ó sì pupa bí osùn. Hematite kọ́ ni. Ìpáàrà rírọ̀ tí kò tíì di òkúta ni, tàbí schwertmannite, ẹrẹ̀ irin tó ní sọ́lféètì nínú, níbi tí omi ti kan dáadáa, pH bíi 3 sí 4. Ẹni tó bá jẹ́ kí hematite rọ̀ nínú àwòṣe rẹ̀ á rí omi tó mọ́ lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí odò ṣì ń pupa.

PHREEQC ló tún ń jẹ́ ká rí ohun tí pẹ́ńsù kò lè rí nínú ìgò wa àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ CO₂ tó wà nínú omi ihò tó kún máa ń pọ̀ gan-an ju èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ ìta lọ. Bí omi bá jáde, CO₂ á sá lọ, pH á gòkè. Ibi tó ti dùn nìyí: láàárín pH 5 sí 8, bí pH bá fi 1 gòkè, irin á máa yára pọ́n ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá jẹ́ kí omi já wálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta kó tó wọ adágún, adágún kékeré lè ṣe iṣẹ́ ńlá. Charles Cravotta ti USGS ti kó ìṣirò yìí jọ sínú PHREEQ-N-AMDTreat fún àwọn tó ń kọ́ ibi ìtọ́jú omi kùsà. Bó bá jẹ́ pé ìbéèrè yín ni "báwo ni adágún mi ṣe máa tóbi tó?", ẹ má wulẹ̀ kọ tuntun, ẹ lo ìyẹn.

Ìṣirò ẹ̀yìn, tàbí ìṣirò iwájú?

Ẹnì kan lè tọ́ ọbẹ̀ wò kó sọ ohun tí ìyá fi sè é. Ẹlòmíràn lè wo ohun tó wà nínú agbọ̀n ọjà kó sọ bí ọbẹ̀ ṣe máa rí. Ìṣirò ẹ̀yìn ni ti ẹni àkọ́kọ́: ẹ ní omi tó wọlé àti omi tó jáde, ẹ sì fẹ́ mọ òkúta tó yọ́ láàárín méjèèjì. Ètò kọ̀ǹpútà NETPATH ń ṣe é, PHREEQC náà ń ṣe é. Ìṣirò iwájú ni ti ẹnì kejì.

Ìṣirò ẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn fún kùsà tó ti kún tipẹ́, torí kò béèrè pé kí ẹ mọ bí nǹkan ṣe yára sí. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ìdáhùn rẹ̀ lè ju ẹyọ kan lọ. Sọ́lféètì mílígíráàmù 96 nínú lítà lè wá láti ara páíráìtì, ó sì lè wá láti ara gípísọ̀mù, òkúta tó jẹ́ kálíṣíọ̀mù àti sọ́lféètì. Kọ̀ǹpútà á kàn tẹ́ méjèèjì síwájú yín. Sódíọ̀mù tó pọ̀ lè wá láti ara omi iyọ̀ àtijọ́, ó sì lè jẹ́ amọ̀ ló fi sódíọ̀mù pààrọ̀ kálíṣíọ̀mù. Ẹ wo kúlóráìdì. Bí sódíọ̀mù bá ga tí kúlóráìdì kò sì bá a gòkè, amọ̀ ni. Bí amọ̀ bá sì ti ń kó kálíṣíọ̀mù kúrò nínú omi, àyè ṣí fún òkúta ẹfun púpọ̀ sí i láti yọ́, ẹ̀rọ̀ ásíìdì á sì máa gòkè. Bí omi kùsà kan tó bẹ̀rẹ̀ ní kíkan ṣe lè parí sí omi tó ní ẹ̀rọ̀ púpọ̀ nìyẹn.

Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ ti ọjọ́ iwájú, ìṣirò ẹ̀yìn kò lè dáhùn. Ẹ lo ti iwájú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ti ẹ̀yìn mọ òkúta tí ẹ máa kó sínú rẹ̀.

Àwọn ìkòkò tó so pọ̀, tàbí àwòrán gbogbo ilẹ̀?

Omi inú ihò èédú kì í rìn bí omi inú yanrìn. Ó ń sáré gba ọ̀nà tí àwọn awakùsà gbẹ́, bí omi inú páìpù. Ìdí nìyẹn tí àwòṣe omi abẹ́ ilẹ̀ tó wọ́pọ̀ fi máa ń ṣini lọ́nà bí a bá ka gbogbo kùsà sí yanrìn tó fẹ̀ lọ. Ní Newcastle, Sherwood àti Younger ṣe GRAM: ó ka kùsà kọ̀ọ̀kan sí ìkòkò ńlá kan, ó sì ka ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ sí ojú ihò tí omi ń gbà bọ́ sínú ìkejì bó bá ti ga dé ibẹ̀. Ìwọ̀n omi nìkan ló ń ṣírò. Ẹ̀yin lẹ máa so kẹ́mísírì mọ́ ọn. Ó rọrùn, àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ àti ìwọ̀n òjò sì tó o bẹ̀rẹ̀.

Ní òdìkejì ni àwọn ńláńlá bíi PHT3D, PHAST, MIN3P àti TOUGHREACT, tí wọ́n ń ṣírò ìrìn omi àti kẹ́mísírì pọ̀ ní gbogbo ìgun. Wọ́n lágbára lóòótọ́. Wọ́n ń béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò ní: ìwọ̀n páíráìtì ní ibi kọ̀ọ̀kan, ibi tí òrùlé ti wó, ibi tí afẹ́fẹ́ ṣì ń gbà wọlé. Bí ẹ bá fi àbá kún gbogbo àlàfo yẹn, àwòrán aláràbarà ló máa jáde, àbá yín náà ló sì wà nínú rẹ̀. Èmi kì í gbà á bí kò ṣe pé kànga àyẹ̀wò ti wà nílẹ̀ ní ibi púpọ̀.

Ẹni tó bá yan ìkòkò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ohun kan. Ìkòkò ń rò pé omi inú òun ti pò pọ̀. Nínú kòtò kùsà tó kún, omi tó fúyẹ́ sábà máa ń léfòó lórí, omi oníyọ̀ tó wúwo á wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bu ti òkè nìkan á jíṣẹ́ tó dùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá tan pọ́ńpù ni ti ìsàlẹ̀ á dé.

Ibi méjì tó ń dán yíyàn yín wò

Ní àgbègbè Uniontown, ní Fayette County ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ìpele èédú Pittsburgh wà níbẹ̀, àwọn kùsà rẹ̀ sì ti di ohun àpatì. Àwọn onímọ̀ fi àyẹ̀wò omi ti 1974 sí 1975 wé ti 1998 sí 2000. Ibi tí ihò ti kún fún omi, omi tó ń jáde ti dára sí i, ásíìdì ti dín kù gan-an. Ibi tí omi kò kún, tí afẹ́fẹ́ ṣì ń wọlé, ásíìdì ṣì ń jáde. Èédú kan náà, àgbègbè kan náà. Bí ẹ bá ṣe àwòṣe kan ṣoṣo fún ibi méjèèjì, ẹ ó ṣìnà níbì kan.

Èyí ló jẹ́ kí n máa ro ti Enugu. Wọ́n rí èédú níbẹ̀ ní 1909, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní nǹkan bí 1915. Ọ̀pọ̀ ihò Enugu ni wọ́n gbẹ́ wọ inú òkè láti ẹ̀gbẹ́, torí náà apá kan lè rì kí apá kan wà ní gbígbẹ nínú kùsà kan náà. Èédú ibẹ̀ wà nínú ìpele òkúta tí wọ́n ń pè ní Mamu; yanrìn Ajali tó kún fún omi ló wà lórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé súlfọ̀ inú èédú Nàìjíríà kéré, kò séwu. Mi ò gbà. Yanrìn Ajali fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kúọ́tísì lásán, òkúta líle tí kì í pa ásíìdì, omi tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ kì í gbé ẹ̀rọ̀ ásíìdì púpọ̀ wá. Súlfọ̀ kékeré níbi tí ẹ̀rọ̀ kò sí lè ba omi jẹ́ ju súlfọ̀ púpọ̀ lọ níbi tí òkúta ẹfun yí i ká. Ẹni tó bá mú àwòṣe Pennsylvania, tó kún fún ẹfun, wá sí kùsà Onyeama tàbí Okpara ní Enugu láìyí nǹkan kan padà á rí ẹ̀rọ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ Enugu fún, pẹ́ńsù ni màá kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà PHREEQC lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan láìfi ẹfun sí i rárá, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ẹfun táṣẹ́rẹ́, kí n wo èyí tó jọ omi tó ń ṣàn lọ sínú odò Ekulu. GRAM á dúró títí a ó fi wọn ìṣàn omi létí ihò kọ̀ọ̀kan ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ti ńláńlá yẹn, mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Kí n tó gbé ọ̀kankan, màá yẹ ìwé àyẹ̀wò wò. Wọ́n gbé ọ̀kan wá fún mi rí láti láàbù kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó yẹ kí agbára iná rere àti ti òdì tí àwọn èròjà inú omi ń gbé dọ́gba, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, àpapọ̀ ti òdì ju ti rere lọ ju bó ṣe yẹ lọ. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni mo máa ń fàyè gbà, èyí kọjá ọgbọ̀n. A wá a títí, kálíṣíọ̀mù pé, sọ́lféètì pé. Mo ní kí wọ́n bá mi wá ìgò náà. Irin, tó ń gbé agbára rere, wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ó ti di ẹrẹ̀ sí ìdí ìgò, omi òkè nìkan ni wọ́n bù wọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn, ìgò méjì ni mò ń gbé lọ sétí ihò: èkíní, a ti sẹ́ omi rẹ̀, a sì kán ásíìdì náítíríìkì sí i lójú ẹsẹ̀ fún irin, èkejì ni a fi ń wọn ẹ̀rọ̀ ásíìdì níbẹ̀, lórí òkúta, kí omi tó tutù tàbí gbóná sí i.